Sítọ́ọ̀ Oògùn Márùn-ún Kí Oṣù Kọkànlá Tó Parí

Ajé, 1 Oṣù Kẹsàn-án

Olúṣèyí ti lọ. Ọjọ́ Ẹtì ló kó ẹrù orí tábìlì rẹ̀ sínú báàgì, ó ní, "Motọ́lání, má jẹ́ kí wọ́n fi iṣẹ́ pa ọ́ o." Lónìí, Kánádà ló wà. Àga rẹ̀ ṣì kọjú sí tèmi. Mo kí i ní ẹ kú àárọ̀ kí n tó rántí.

Ọdún mẹ́ta ni àwa méjèèjì fi jọ bójú tó ètò orí kọ̀ǹpútà tí ilé iṣẹ́ wa fi ń ka oògùn wọlé tó sì fi ń tà á jáde. Òun nìkan ni mo ń bá sọ Yorùbá nílùú Enugu yìí. Wọn ò fẹ́ gba ẹlòmíì rọ́pò rẹ̀. Ọ̀gá wa, Mísítà Mark, ní, "Ìwọ nìkan náà tó, Madam Moto."

Lẹ́tà àwọn tó ṣe ètò náà wà níwájú mi. Tí oṣù kọkànlá bá ti parí, wọn ò ní bójú tó ẹ̀dà àtijọ́ mọ́. Sítọ́ọ̀ márùn-ún ni mo gbọ́dọ̀ gbé bọ́ sórí ẹ̀dà tuntun kó tó dìgbà yẹn: Nsukka, Ugwuaji, Gariki, Awka, Abakaliki. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni. Èyí tí mo bá ń ṣe lọ́wọ́ kò ní lè ta ohunkóhun fún wákàtí mẹ́rin.

Mo ra ìwé yìí ní ọjà Ogbete nígbà tí mò ń lọ sílé. Tí mi ò bá rí ẹni bá sọ ọ́, kí n kọ ọ́.

Ọjọ́bọ̀, 4 Oṣù Kẹsàn-án

Ìpàdé. Mo pín ètò ọjọ́ tí mo kọ fún àwọn olórí sítọ́ọ̀. Wọn ò tíì kà á dé ìsàlẹ̀ tí wọ́n ti kọ̀ ọ́. Awka ní ọjọ́ Ẹtì ni àwọn ń tajà jù. Abakaliki ní Ọjọ́rú ni ọkọ̀ ń wá gbẹ́rù. Madam Edith, olórí sítọ́ọ̀ Gariki, kò tilẹ̀ ṣí ìwé tirẹ̀.

"Gariki kì í sinmi," ló wí. "Tí mo bá tilẹ̀kùn fún wákàtí mẹ́rin, àwọn oníbàárà mi á kọjá sọ́dọ̀ ẹlòmíì, wọn ò sì ní padà."

Mo ní, "Ọjọ́ wo ló wá rọ̀ yín lọ́rùn, mà?"

"Kò sí."

Ni mo bá ní ọjọ́ Àìkú ńkọ́, láàárọ̀, nígbà tí gbogbo ìlú bá wà ní Máàsì? Kò sí ẹni tó tún rí àwáwí. Mísítà Mark bi mí pé ṣé èmi kì í lọ ṣọ́ọ̀ṣì ni. Mo ní màá máa lọ nírọ̀lẹ́. Mi ò mọ ṣọ́ọ̀ṣì kankan tó ń ṣe ìsìn ìrọ̀lẹ́.

Ìṣẹ́gun, 9 Oṣù Kẹsàn-án

Omi tán ní táńkì. Ọlọ́kọ̀ omi ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún náírà, kò sì gbà kí a dín in kù. Àwa ayálégbé dá owó náà jọ. Òjò wá rọ̀ títí di àṣálẹ́, bíi pé ó fẹ́ fi wá ṣe yẹ̀yẹ́.

Àìkú, 14 Oṣù Kẹsàn-án

Mo dán an wò kí n tó fọwọ́ kan sítọ́ọ̀ kankan. Aago méje ni mo dé ọ́fíìsì wa ní Achara Layout, èmi àti ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà nìkan. Mo kọ ogún oògùn tí kò sí níbì kankan sínú kọ̀ǹpútà tí a fi ń dánra wò, mo tà wọ́n, mo gbà wọ́n padà, mo pa ẹ̀rọ, mo tún tàn án. Gbogbo rẹ̀ lọ bó ṣe yẹ. Àwọn èèyàn ń kọjá lójú fèrèsé pẹ̀lú aṣọ funfun àti ọmọ wọn lọ́wọ́. Agogo ṣọ́ọ̀ṣì méjì ń lù, ọ̀kan ń pẹ́ lẹ́yìn ìkejì.

Ní aago mọ́kànlá, mo pariwo, "Ó ti ṣe é ṣe!" Ẹ̀ṣọ́ sáré wọlé, ó rò pé nǹkan kan ló ṣe mí. Mo fún un ní ààbọ̀ okpa tí mo rà, oúnjẹ wọn tó dà bíi mọ́ínmọ́ín.

Àìkú, 21 Oṣù Kẹsàn-án

Nsukka. Wákàtí mẹ́ta ààbọ̀. Kò sí wàhálà.

Ọjọ́rú, 1 Oṣù Kẹwàá

Ìsinmi òmìnira. Fúnkẹ́ àbúrò mi pè láti Ìbàdàn, ariwo àwọn ọmọ rẹ̀ kò jẹ́ kí n gbọ́ ọ. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ìgbà wo lẹ ń bọ̀?" Mo ní tó bá di oṣù Kejìlá. Ó ní, "Ẹ kì í kúkú wá." Lẹ́yìn náà, mi ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ka ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu mi lónìí ni: kò pé àádọ́ta.

Àìkú, 5 Oṣù Kẹwàá

Ugwuaji. Ibẹ̀ ni yàrá tútù wa wà, tí a ń kó abẹ́rẹ́ àjẹsára àti ínsúlìn sí, nítorí náà mo lọ fúnra mi. Lilian ló ń tọ́jú ibẹ̀, obìnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, tí kì í rẹ́rìn-ín, tó máa ń wọ súwẹ́tà láàárín oòrùn. Kò lọ Máàsì nítorí tèmi. Ó jókòó tì mí, ó ń wo ọwọ́ mi bí ìgbà tí èèyàn ń wo ẹni tó ń gún un lábẹ́rẹ́. Aago méjìlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mo parí. Ó ní, "O yára." Ìyìn nìyẹn. Mo gbé e délé.

Àìkú, 12 Oṣù Kẹwàá

Gariki ló kàn. Mo dé ibẹ̀ ní aago mẹ́fà ààbọ̀ nínú òjò. Sítọ́ọ̀ wà ní títì. Mo pe Madam Edith lẹ́ẹ̀mẹrin kó tó gbé e. Ó ní ọkọ̀ ẹrù méjì ń bọ̀ láti Onitsha lọ́sàn-án, òun ò lè gbà kí ẹ̀rọ dákẹ́ lónìí. Mo ní a ti jọ fẹnu kò. Ó ní, "Ìwọ lo fẹnu kò." Ó sì pa fóònù.

Mo dúró lábẹ́ òrùlé oníbúrẹ́dì kan fún wákàtí kan. Ó ti di Àìkú kan tó ṣòfò. Mo sunkún díẹ̀, òjò bò ó.

Ọjọ́rú, 15 Oṣù Kẹwàá

Lilian pè mí ní aago mẹ́wàá. Kò pè mí rí.

"Nne," ló wí, "ṣé ojú mi ni, àbí ẹ̀rọ yín? Páálí ínsúlìn kan wà lọ́wọ́ mi. Ohun tí wọ́n tẹ̀ sí i lára ni pé ọjọ́ kọkànlá oṣù yìí ló máa ṣiṣẹ́ mọ. Ọjọ́ yẹn ti kọjá. Ẹ̀rọ ní ọjọ́ kẹwàá oṣù tó ń bọ̀ ni."

Mo ní kó mú páálí mìíràn, èyí tó ní ọjọ́ karùndínlọ́gbọ̀n. Ó ní ìyẹn bára mu. Mo ní kó mú èyí tó ní ọjọ́ kẹta. Ìyẹn kò bára mu.

Mo ti mọ̀ kó tó parí ọ̀rọ̀. Ẹ̀dà tuntun ń ka oṣù ṣáájú ọjọ́. Ọjọ́ tó bá ju méjìlá lọ, kò lè ṣì í kà, torí kò sí oṣù kẹtàlá. Ọjọ́ kìíní dé ìkejìlá nìkan ló ń yí padà. Mo wá ṣí ogún oògùn tí mo fi dán an wò lóṣù tó kọjá. Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n. Ọgbọ̀njọ́. Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún. Kò sí ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn tó kéré sí mẹ́tàlá. Èmi ni mo kọ wọ́n. Tí Olúṣèyí bá wà ni, òun ni ì bá yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn mi, ṣùgbọ́n kò sí, mo sì mọ̀ pé kò sí nígbà tí mo ń kọ wọ́n.

Mo ní kí Lilian má ta nǹkan kan mọ́. Mo dá Ugwuaji àti Nsukka padà sórí ẹ̀dà àtijọ́ kó tó di ọ̀sán. Ní Nsukka, kò sí èyí tí ọjọ́ rẹ̀ kọjá. Ní Ugwuaji, láti ọjọ́ kejìlá, ínsúlìn tó yẹ kí ẹ̀rọ ti dá dúró ti jáde lọ sí kẹ́mísìtì mẹ́ta. Ká ní Madam Edith gbà fún mi lọ́jọ́ Àìkú, Gariki ì bá wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú, tó ń ta ìlọ́po mẹ́wàá Ugwuaji.

Ọjọ́bọ̀, 16 Oṣù Kẹwàá

Mo sọ fún Mísítà Mark. Ó gbọ́ mi tán, ó dìde, ó ti ilẹ̀kùn.

"Ta ló mọ̀?"

"Èmi àti Lilian, sà."

"Madam Moto, ọjọ́ díẹ̀ péré nìyẹn. Oògùn kì í di májèlé lọ́jọ́ díẹ̀. Tún ẹ̀rọ ṣe, kí ẹ kó èyí tó kù kúrò nílẹ̀. Tí a bá bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn oníbàárà, ta ló máa fọkàn tán wa mọ́?"

Mo ti tẹ orúkọ kẹ́mísìtì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta síwèé. Mo gbé e sórí tábìlì rẹ̀. Mo ní, "Mo fẹ́ lọ gbà á padà lọ́la, sà."

"Tí mo bá ní rárá ńkọ́?"

"Màá lọ náà ni. Màá wá kọ̀wé pé mo fi iṣẹ́ sílẹ̀." Mi ò ní iṣẹ́ mìíràn, mi ò ní ibòmíì tí mo ń lọ.

Ó lọ dúró lójú fèrèsé. Ó wá ní, "Ìyá mi ń gba abẹ́rẹ́ yẹn." Kò wo ojú mi. Ó ní kí n gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ ilé iṣẹ́ lọ́wọ́ dẹ́rẹ́bà.

Ẹtì, 17 Oṣù Kẹwàá

Èmi àti Lilian. Kẹ́mísìtì àkọ́kọ́ kò tíì tú tirẹ̀. Ìkejì náà bẹ́ẹ̀. Ìkẹta, ní Achara Layout, kò jìnnà sí ilé mi, ti ta ẹyọ kan lọ́jọ́ Ajé. Ó ní bàbá àgbàlagbà kan ni, wọ́n ń pè é ní Papa Railway. Ó júwe ilé fún wa. A kan ilẹ̀kùn títí, kò sí ẹni tó dáhùn. Aládùúgbò rẹ̀ ní ó wà nílé, pé kì í sábà gbọ́ni.

Àbámẹ́ta, 18 Oṣù Kẹwàá

Mo padà lọ ní aago méje àárọ̀, èmi nìkan. Mo fi òkúta kan ilẹ̀kùn irin.

"Na who be that?"

Mo sọ orúkọ ilé iṣẹ́ wa. Ó ṣílẹ̀kùn díẹ̀, bàbá tó gùn, tó rù, tó fi ọ̀pá ti ara rẹ̀. Ó ní kí n sọ orúkọ tèmi gan-an.

"Motọ́lání."

Ó wá ní, "Ọmọ ibo ni ọ́?"

Ọ̀sẹ̀ méje ni mi ò ti gbọ́ Yorùbá lójúkojú. Mo ní, "Ìbàdàn, sà. Ẹ kú àárọ̀, sà." Mo kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀.

Bàbá Adélàjà ni orúkọ rẹ̀. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin. Réluwéè ló gbé bàbá rẹ̀ wá síbí láti Abẹ́òkúta, ibí ni wọ́n bí i sí, ibí ló ti fẹ́ ìyàwó, ibí ló sì sin ín sí. Ó ní láti ìgbà tí ẹ̀gbọ́n òun obìnrin ti kú, òun ò tíì rẹ́ni bá sọ èdè yìí, pé àwọn ọmọ òun kò gbọ́ ju "ẹ káàárọ̀" lọ.

Mo jẹ́ kó sọ ọ́ tán, kí n má bàa dàbí ẹni tó wá fi Yorùbá tù ú lójú. Mo wá ní, "Bàbá, ínsúlìn tí ẹ rà lọ́jọ́ Ajé, ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá kí ẹ tó rà á. Ẹ̀rọ ló ṣì í kà, èmi ni mo gbé ẹ̀rọ náà síbẹ̀, mi ò sì dán an wò dáadáa. Kì í ṣe ẹ̀bi kẹ́mísìtì."

Ó gbé ìgò náà súnmọ́ ojú. "Mo ti gbà á fún ọjọ́ márùn-ún."

"Báwo ni ara yín, sà?"

"Ó rẹ̀ mí. Ṣùgbọ́n mo ti dàgbà, ó máa ń rẹ̀ mí."

Mo bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ṣúgà rẹ̀ ga gan-an. Wọ́n dá a dúró. Dókítà ní òun ò lè sọ bóyá oògùn náà ni àbí ohun tó ń jẹ. Mo bi í lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní òun ò lè sọ.

Àìkú, 19 Oṣù Kẹwàá

Mi ò ṣe sítọ́ọ̀ kankan. Mo jókòó ti bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Ó bi mí pé kí ni iṣẹ́ mi gan-an. Mo ní èmi ni mò ń yan ọjọ́ tí wọ́n máa sọ ẹ̀rọ di tuntun, kí iṣẹ́ àwọn èèyàn má bàa dúró.

Ó ní, "Bàbá mi ló ń kọ àkókò ọkọ̀ ojú irin sára pátákó ní ibùdókọ̀. Ọjọ́ tí ọkọ̀ bá pẹ́ nìkan ni wọ́n máa ń pe orúkọ rẹ̀."

Ó sùn lọ. Mo dúró.

Ẹtì, 24 Oṣù Kẹwàá

Wọ́n dá Bàbá sílẹ̀. Ṣúgà ti wálẹ̀. Ilé iṣẹ́ san owó ilé ìwòsàn, Mísítà Mark sì fi lẹ́tà ìkìlọ̀ lé mi lọ́wọ́. Ó tọ́ sí mi. Mo kà á lẹ́ẹ̀kan, mo tẹ̀ ẹ́ sáàárín ìwé yìí.

Ó ku Àìkú mẹ́fà. Kò sí sítọ́ọ̀ kankan lórí ẹ̀dà tuntun.

Àìkú, 2 Oṣù Kọkànlá

Àwọn tó ṣe ètò náà fi àtúnṣe ránṣẹ́ lọ́jọ́ Ẹtì. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Wọn ò bẹ̀bẹ̀. Mo fi ọjọ́ kìíní dé ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n dán an wò, oṣù méjìlá, ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí ojú mi fi ń ta mí.

Lónìí, mo ṣe Nsukka àti Ugwuaji tẹ̀léra wọn. Lilian ń ka ara páálí sókè, èmi ń wo ẹ̀rọ. Igba ó lé mẹ́rìnlá páálí. Ohùn rẹ̀ há, kò sì dúró. Nígbà tí a parí, ó bọ́ súwẹ́tà rẹ̀, ó dà á bo èjìká mi. Mi ò mọ̀ pé mò ń gbọ̀n.

Àìkú, 9 Oṣù Kọkànlá

Gariki. Mo rò pé màá tún bá àgádágodo lára ilẹ̀kùn. Madam Edith ti wà níbẹ̀. Máàsì aago mẹ́fà ló lọ, aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì ṣì wà lára rẹ̀. Ó gbé gíláàsì sójú, ó ní, "Ka tìrẹ, kí n ka tèmi."

Nígbà tí a kà á dé ìdajì, ó ní, "Mo gbọ́ pé ìwọ fúnra rẹ lo lọ sọ fún Mark."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ẹlòmíì ì bá dákẹ́." Ó yí páálí mìíràn padà. "Ọjọ́ kẹrin oṣù kẹfà."

"Ọjọ́ kẹrin oṣù kẹfà, mà."

Aago kan ọ̀sán la parí. Ìyà jẹ ẹsẹ̀ rẹ̀. Kò kí mi kó tó wọ ọkọ̀ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń ṣe sí gbogbo èèyàn.

Àìkú, 16 Oṣù Kọkànlá

Awka ti parí.

Mo lọ kí Bàbá Adélàjà nígbà tí mo dé. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ti wá láti Port Harcourt, wọ́n ń di ẹrù. Ó ní kò tún yẹ kí Papa máa dá gbé. Òótọ́ ni. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi lédè Òyìnbó, kò mọ̀ pé èmi ni mo fi bàbá òun sínú ìṣòro, Bàbá kò sì sọ fún un. Mo fẹ́ sọ ọ́. Bàbá gbá mi lápá díẹ̀, ó ní, "Fi sílẹ̀, ọmọ mi." Mo sọ ọ́ náà. Ọmọ rẹ̀ wò mí títí, ó gbé báàgì lọ sínú ọkọ̀.

Bàbá kì í gbọ́ fóònù dáadáa. Mo gba nọ́ńbà rẹ̀ ṣáá.

Ọyẹ́ ti dé. Ètè mi ti ń là.

Àìkú, 23 Oṣù Kọkànlá

Abakaliki. Iná lọ ní àárín iṣẹ́, jẹnẹrétọ̀ wọn kọ̀, mo ní láti dá gbogbo rẹ̀ padà sẹ́yìn. Ó ku Àìkú kan ṣoṣo.

Àìkú, 30 Oṣù Kọkànlá

Mo sùn ní Abakaliki lánàá kí n lè jí bá a. Dísẹ́ẹ̀lì kún inú jẹnẹrétọ̀ kí n tó bẹ̀rẹ̀, èmi ni mo dúró tì í. Aago mọ́kànlá ku ogún ìṣẹ́jú, ẹ̀dà tuntun wọlé. Mo ka ọjọ́ gbogbo páálí fúnra mi, mo sì fipá mú olórí ibẹ̀ kó kà á lẹ́yìn mi. Ó bára mu.

Mo kọ̀wé sí Mísítà Mark: sítọ́ọ̀ márààrún ti wà lórí ẹ̀dà tuntun. Ó fèsì ní aago mẹ́ta: "OK."

Ajé, 1 Oṣù Kejìlá

Láti aago méje ni mo ti jókòó ti fóònù. Ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́ tí gbogbo wọn jọ ń tajà lórí ẹ̀dà tuntun. Mo ń wo títà wọn lórí ẹ̀rọ bó ṣe ń wọlé: Nsukka, Awka, Gariki, Gariki, Abakaliki, Gariki. Kò sí ẹni tó pè. Aago mẹ́wàá, kò sí. Aago méjìlá, mo gbé fóònù wò bóyá ó ti kú. Kò kú. Mo pe nọ́ńbà Bàbá ní Port Harcourt, ó dún títí ó fi já.

Aago mẹ́ta ààbọ̀ ni fóònù dún. Madam Edith. Mo ti fa ìwé nọ́ńbà àwọn tó ṣe ètò náà súnmọ́ra kí n tó gbé e.

"Mà? Kí ló ṣẹlẹ̀ ní Gariki?"

"Kò sí nǹkan," ló wí. "Ọwọ́ mi ló ṣèèṣì tẹ̀ ẹ́."

Mo ní kò burú. Mo dúró kó pa á. Kò pa á. Mo ń gbọ́ ariwo ọjà lẹ́yìn rẹ̀, àti ẹnì kan tó ń ka páálí sókè.

Ó ní, "Ṣé o ti jẹun?"

Mo ní láti kọ́kọ́ ronú kan ìgbà tí ẹnì kan bi mí bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn kí n tó dá a lóhùn.